Orúkọ Alààyè Tí Mo Kà Mọ́ Ti Òkú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po nínú lẹ́tà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi jókòó. Mo ti ṣe àṣìṣe kan nínú ìjọ yín. Mo ka orúkọ ẹni tó wà láàyè mọ́ ti àwọn òkú, lórí pẹpẹ, níṣojú gbogbo ìjọ, ìjọ sì dáhùn.

Sámúẹ́lì ni, bàbá Bùnmi, sójà inú bárékè Ọ̀jọ́. Ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀. Òun ló gun igi furúùtù iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbé rímù ọkọ̀ kọ́ síbẹ̀ kó lè máa ṣe agogo fún wa. Ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ ń pariwo pé kó rọra, òun sì ń fi yín rẹ́rìn-ín lókè. Rímù náà ṣì wà níbẹ̀, òun la ṣì ń lù. Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà, wọ́n sì kó Sámúẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo dé nígbà Àjíǹde. Láti ìgbà yẹn títí di Ìsìn Ìrántí tí a ṣe yìí, ìyàwó rẹ̀ ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń múra Ìsìn Ìrántí? Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò gbé ìwé yín há abíyá, bírò méjì á wà nínú àpò àyà yín, búlúù fún àwọn tó wà lájò, pupa fún àwọn tó ti sùn. Ẹ óò máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, láti Okokomaiko títí dé Ìba. Wọ́n á fún yín lómi, ẹ óò béèrè orúkọ, ẹ óò sì tún un béèrè. Bí wọ́n bá ní òkú ni, ẹ óò bi wọ́n nípa ibi tí wọ́n sin ín sí àti ẹni tó sin ín. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ ń wádìí òkú bí ọlọ́pàá. Ẹ óò kàn wò mí láti orí gíláàsì yín, ẹ óò ní a kì í jókòó sílé kọ òkú ẹlòmíràn sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà náà. Gbígbọ́ náà ni mo gbọ́ ọ, mi ò mú un lò.

Lọ́dún yìí, mi ò dé ojúlé kankan. Mo ní kí oníkálukú kọ orúkọ sórí pépà, kó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Nígbà tó di Sátidé, mo gun fẹ́sípà lọ sí Ìjaníkin lọ sin ìyá àgbà kan, mo sì padà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku lójú. Mo da pépà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ sínú ìwé yín. Bírò pupa yín ti gbẹ. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo fi ha ara páálí, kò mú nǹkan kan jáde. Mo ní kí ló kù, ṣebí ojú ewé ọ̀tún ni ti òkú, ojú ewé òsì ni ti àwọn alájò. Mo fi búlúù kọ gbogbo rẹ̀. Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ lọ kọ ọ́ bọ̀ ni mo ti kọ orúkọ Sámúẹ́lì sápá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìsìn ni mo tó wá pépà ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: ọkọ mi, ó wà lájò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń kà á lọ. Mo pe orúkọ kan, ìjọ ní, "Sùn un re o." Mo pe òmíràn, wọ́n ní, "Sùn un re o." Mo pe Sámúẹ́lì Àjàní. Ẹnu wọn ti mọ́ ọn, wọ́n dáhùn kí etí wọn tó gbọ́ ohun tí mo wí. Ìgbà yẹn ni gbogbo orí wá yí sí bẹ́ǹṣì ìyàwó rẹ̀. Ìyá Bùnmi dìde. Ó tú gèlè rẹ̀, ó dì í mọ́wọ́, ó gba àárín àwọn bẹ́ǹṣì kọjá, ó bọ́ sóde. Bàbá mi, kí ló mú ètè mi? Gbólóhùn kan péré ni, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í kà. Dípò kí n sọ ọ́, mo pe orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi ní òwe yẹn nígbà tí mi ò tíì ga ju tábìlì lọ.

Kí n tó bọ́ aṣọ ìsìn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Bàbá Ìjọ, ẹni tí ẹ fi joyè fúnra yín, tó ṣì ń ta rédíò ní Àlàbà, wá bá mi nínú yàrá ìmúra. Omi wà lójú rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ ṣé tí ẹ ò bo ohun tí Ọlọ́run fi hàn yín nípa Sámúẹ́lì mọ́lẹ̀. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Bàbá ò ní ẹ̀bùn yìí o. Wọ́n try, àmọ́ wọn ò ní in."

Ojú ń tì mí láti kọ èyí sí yín, ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ kọ ọ́ sí? Inú mi dùn díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ yìí, ọmọ Bàbá ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá wàásù dáadáa, wọ́n á ní mo jọ yín. Bí mi ò bá wàásù dáadáa, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, ó mà ṣe fún Bàbá o. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò sọ pé mo ju yín lọ níbi kankan. Mo kàn tẹ orí ba. Orí tí mo tẹ̀ ba yẹn ni ìjọ fi gbà pé òótọ́ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, a yá bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn wá láti Ìyànà-Ìba, tí wọn ò mọ ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n jókòó títí dé abẹ́ igi furúùtù. Bàbá Ìjọ ní ká dá ìpàdé ìran sílẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú. Olórí akọrin wa, tó ṣì ń gbé ohùn orin ga débi tí kò sẹ́ni tó lè bá a débẹ̀, wá ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọkùnrin tó bá yín ṣe ẹgbẹ́! Àwọn mìíràn sì ń sá fún mi. Obìnrin kan tí mo lọ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ fà mí sí kọ̀rọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ dákun, bí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ má pe orúkọ bàbá ọmọ yìí rárá. Even fún ire. Ẹ kàn ní 'àwọn òbí', Ọlọ́run á mọ ẹni tí ẹ ń sọ."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ìròyìn ti dé etí mi nígbà yẹn pé Ìyá Bùnmi ti wọ dúdú, pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú bárékè ti ń wá kí i kú àṣẹ̀yìndè. Lójoojúmọ́ ni mo ń dá ọjọ́ tí n óò lọ bá a, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo parí ìjà aṣọ àwọn akọrin. Mo di ibi tí òrùlé ti ń jò. Mo lọ kí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá. Àyà ń fò mí, mo sì ń pe ìfòyà náà ní iṣẹ́ Olúwa.

Màmi ni kò jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n lè dákẹ́ mọ́ èèyàn títí orí á fi máa yún un. Wọ́n ń tún tábìlì mi ṣe, wọ́n ṣí ìwé yín, wọn ò sì rí pupa kankan nínú ti ọdún yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá bírò pupa tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi. Mo wo bírò náà, mo wo ojú Màmi. Wọ́n ń bu ṣúgà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ìwé yín, mo lọ sí bárékè. Ìyá Bùnmi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ dúdú. Mi ò dúró kó fún mi lómi. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró, pé n kò ríran kankan, pé ó rẹ̀ mí ni, mo sì ṣì í kọ, pé mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà, mo sì dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo fi pépà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ hàn án. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé láti Sunday yẹn ni mi ò ti gbàdúrà fún un mọ́? Mo ní kí ni mo tún fẹ́ máa bẹ Ọlọ́run fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Pásítọ̀. Nínú ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò pe orúkọ ọkọ mi s'Ọ́lọ́run létí. Ẹ̀yin lẹ pa mí lẹ́nu mọ́."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò búlúù nínú àpò mi, ó fa igi gba orí orúkọ náà lápá ọ̀tún, ó sì kọ ọ́ sápá òsì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Kò sìn mí sọ́nà. Obìnrin tó máa ń sìn yín dé ẹnu géètì bárékè nígbà ayé yín, kò sìn mí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Lánàá, mo sọ ọ́ fún ìjọ. Mo gbé ìwé sókè, mo fi ojú ewé méjèèjì hàn wọ́n, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi, wọn ò gbà mí gbọ́! Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi bá a o, irọ́ ni ìjọ wá sún àyè fún lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Bàbá Ìjọ ní òye yé òun, pé mo ń ṣàánú obìnrin náà ni, kí n máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tún orúkọ àwọn alájò kà, tí mo pe Sámúẹ́lì Àjàní, ohùn kan ṣoṣo ló ké "Olúwa, ṣọ́ ọ," tí a fi ń dáhùn fún wọn, láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Òun ni. Kò wọ dúdú. Àwọn yòókù ń kùn lábẹ́ èémí, bí ẹni tí wọ́n ní kó súre fún sàréè.

Ibi tí mo wà nìyí. Bí Sámúẹ́lì bá padà dé, èmi ni pásítọ̀ tí kò lè ka ìwé bàbá rẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá padà ńkọ́? Wọ́n á sọ mí di wòlíì tipátipá, n ò sì ní lè bọ́ nínú rẹ̀ títí ayé. Láàárọ̀, bí mo bá ń gbàdúrà fún un, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá nítorí rẹ̀ ni àbí nítorí ara mi. Bí ọkọ̀ sójà bá gba ọ̀nà Badagry kọjá, àyà mi á já, n óò máa wò ó bóyá yóò yà sí bárékè. Ṣé irú ẹ̀rù báyìí bà yín rí? Àbí bírò méjèèjì yẹn ni ẹ̀rù tiyín, tí èmi ń pè ní àṣejù?

Mi ò bẹ̀ yín ní ohunkóhun rí láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè bá mi ṣe èyí. Ẹ mọ ojú rẹ̀. Ó ga, ó ní àpá kékeré lágbọ̀n, ó máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé há abíyá bí ẹ ti máa ń ṣe é, kí ẹ ti ojúlé bọ́ sí ojúlé lọ́hùn-ún, láàárín àwọn tó ti sùn. Ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì tún un béèrè. Ẹ wá a dáadáa, Bàbá mi. Kí ẹ má rí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tí yóò lọ sí ojúlé-dé-ojúlé lọ́dún tó ń bọ̀.