Okùn Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Nakiete

                                        Ilé Elibariki Mlay,
                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 214,
                                        Mwika, Moshi,
                                        Tanzania.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 2019.

Nakiete mi ọ̀wọ́n, ìyá Mbazi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Mbazi ńkọ́, ṣé ó ti ń rá, àbí ó ṣì ń jókòó sójú kan bí olóyè? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ èbúté kò gba gbogbo agbára rẹ̀? Ooru Tanga ńkọ́, ṣé kò tíì yọ́ ọ tán? Ní tiwa níbí, òtútù ni. Ìkùukùu kì í gbéra lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó di ọ̀sán, aṣọ mẹ́ta ni mo sì fi ń wé Nasia kí n tó gbé e jáde. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ tóbi. A dúpẹ́.

Àárò rẹ ń sọ mí, Nakiete. Mi ò ní fi bò. Ó di oṣù mẹ́ta tí mo ti rí lẹ́tà rẹ kẹ́yìn. Tí mo bá pè lórí fóònù, ọkọ rẹ ló ń gbé e, yóò ní o wà lọ́jà, tàbí pé ó rẹ̀ ọ́, o ń sùn. Èmi náà á kí i, n ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí a ń rán ọkọ ẹni sí ni, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà ná, kí o má baà máa tú lẹ́tà yìí bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o ní omi kì í tẹ́ ọ lọ́rùn mọ́, pé o lè mu ife márùn-ún léra kí òùngbẹ má kúrò. O ní ojú rẹ ń ṣú tí o bá ń ránṣọ. O wá fi rẹ́rìn-ín, o ní ooru Tanga ni. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, nítorí mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo ti wá mọ̀ báyìí. Mo fẹ́ kí o lọ yẹ ara rẹ wò, kí ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yìí bá bá ọ tó parí.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́. Wá jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí.

Ṣé o rántí bẹ́ẹ̀dì keje àti ìkẹjọ ní ọsibítù? Ọjọ́ tí gbogbo ojú mi wú, tí Elibariki wọlé, tó kọjá lára mi tí kò dá mi mọ̀, tí ìwọ nawọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì tìrẹ tí o ní, “Bàbá, ìyàwó rẹ nìyí o, àbí èmi lo fẹ́ gbé lọ?” Mo rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì ní kí n dákẹ́, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi má tún gbéra. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló kó àwa méjèèjì jọ síbẹ̀. Ohun kan náà ló mú kí wọ́n gbé àwọn ọmọ wa jáde kí oṣù wọn tó pé. Nígbà tí wọ́n ń dá wa sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wa pé kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n wo ìfúnpá wa, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa, kí wọ́n sì wọ̀n wá. A jọ ṣèlérí, a dì mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, a sunkún. Kò sí èyí tó padà lọ nínú wa.

Ìwọ ti kó lọ sí Tanga. Èmi ńkọ́? O mọ àwa ará orí òkè yìí. Obìnrin tó bá bímọ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ìta fún oṣù mẹ́ta. Kò ní gbálẹ̀, kò ní pọnmi, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jẹun kó sì fọ́mọ lọ́mú. Ìyá ọkọ ní ń se oúnjẹ, bí ìyàwó bá sì ṣe sanra tó ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ìyá ọkọ náà ṣe mọ nǹkan ṣe tó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo mú ìwé ọsibítù, mo lọ bá Màmá, ìyá Elibariki. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“O fẹ́ lọ síbo? Kí àwọn ará àdúgbò rí ọ lójú ọ̀nà, kí wọ́n ní mi ò lè tọ́jú ìyàwó ọmọ mi? Ọmọ ti jáde, àìsàn oyún ti bá oyún lọ. Jókòó, jẹ mtori rẹ.”

Mo jókòó. Mo jẹ mtori. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dùn! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran ti yọ́ mọ́ra wọn, bọ́tà ń dán lójú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dànù lára mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn màlúù, ó pò ó mọ́ wàrà àti bọ́tà, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn omijé mi a máa kán sínú abọ́, nítorí ó yẹ kí ìyá mi náà wà níbẹ̀, kó máa bá Màmá jà lórí ìwọ̀n bọ́tà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, ní ìparí oṣù kẹrin ọdún yìí, wọ́n mú mi jáde lọ sọ́jà. Áà, Nakiete! “Ẹ wo bó ṣe ń dán! Ẹ wo ọrùn! Ìyá Elibariki, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ lọ fẹ ẹnu ọ̀nà yín, ìyàwó yìí ò ní gbà á mọ́!” Màmá gbórí sókè, ó ń rìn níwájú. Inú mi dùn nítorí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré ẹ̀yìn ọjà, tí mo máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró mí kí n tó dé òkè rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára Nasia ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Temu, ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, nínú oṣù kẹfà. Ó yẹ ìwé mi wò, ó ní, “Ìwọ, ta ló wo ìfúnpá rẹ látìgbà tí o ti bímọ?” Mo ní kò sí. Ó so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá, ó tún un so, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìfẹnu kan nǹkan, ó yọ ẹ̀jẹ̀ lórí ìka mi. Ìfúnpá kò tíì wálẹ̀. Ṣúgà kò tíì di àtọ̀gbẹ, ó ní, ṣùgbọ́n ó ti ń kanlẹ̀kùn. Ó wá tépù tó fẹ́ fi wọn ikùn mi títí, kò rí i. Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé, ó fa èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ya lára igi, ó lọ́ ọ, ó fi yí mi ká ní ọ̀gangan ìdodo, ó sì ta kókó sí i. “Ibi tí o wà lónìí nìyí. Oṣooṣù ni kí o máa wọ̀n ọ́n.”

Ó wá bi mí pé, “Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le?”

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ mi. Mo sọ fún un pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá mi ṣubú láàárín igi kọfí tí a jọ ń ká, láàárọ̀, tí agbọ̀n ṣì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara kan rọ, ẹnu wọ́, ọjọ́ kejì ó ti lọ. Ẹni ọdún méjìdínlógójì. Àwọn ará ilé wa ní ojú burúkú èèyàn ló bá a. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn náà ló máa ń sọ ọ́ fún mi bí ìtàn pé nígbà tó lóyún mi, ojú rẹ̀ wú, kò sì ríran dáadáa fún ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Temu fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin bá ru nínú oyún, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá oyún lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn lè wá bá a lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí kò retí wọn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀, ó ní. Ẹni tó bá tètè mọ ibi tí ògiri òun ti lanu lè dí i. Oògùn, ìrìn, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, kí iyọ̀ àti bọ́tà dínkù.

Èmi òmùgọ̀, mi ò lè sọ fún Màmá. Báwo ni n ó ṣe wí fún ẹni tó fi bọ́tà tọ́ mi yè pé bọ́tà ń pa mí? Tó bá gbé mtori wá, n ó ní kó gbé e kalẹ̀, bó bá ti yí padà báyìí, mo ti dà á fún ajá. Òkèlè kan tàbí méjì péré ni mò ń jẹ. Wàrà ọmú mi fà, Nasia ń sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá dúró láàárín àgbàlá, ó ké pe ọmọ rẹ̀. “Elibariki, wá wo nǹkan! Ajá ń sanra, ìyàwó ń rù. Ta ni mò ń se oúnjẹ fún nílé yìí gan-an?”

Ọ̀rọ̀ náà pa Elibariki lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó rò pé mo ń fura sí ọwọ́ òun. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo kúnlẹ̀, mo ròyìn ìyá mi fún un láti orí agbọ̀n kọfí dé ibojì. Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó kù fún mi. Mi ò fẹ́ kí Nasia máa bi àwọn ẹlòmíràn léèrè bí ojú mi ṣe rí.”

Ó wá ní, “Èmi náà wú.” Oyún rẹ̀ kẹta ni. Ọmọ náà kú, wọ́n sì ní kó má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Láti ogójì ọdún, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún. A sunkún, ó tún fi ìborùn rẹ̀ nu imú fún mi bí ọmọdé. Ọjọ́ kejì ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Temu. Ti Màmá kò kanlẹ̀kùn o, ó ti wọlé jókòó: àtọ̀gbẹ. A bá àìsàn náà níbẹ̀ ni, a dúpẹ́ pé kò tíì fọ́ ọ lójú.

Ní báyìí, àràárọ̀ là ń rìn dé orísun omi, a ó sì gun òkè padà. Ó ń kùn lójú ọ̀nà pé, “Orí òkè ni wọ́n bí mi sí, òkè ni mo gùn dàgbà, ẹ wá ń fi òkè ṣe oògùn fún mi!” Mtori tí kò ní bọ́tà ló ń sè. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó ní oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n ni. Ó sì bu ẹ̀ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì bá mi wí pé òun ò ní kí n gbààwẹ̀, mo ń jẹun yó báyìí, wàrà ti padà. Ìfúnpá mi ti wálẹ̀ díẹ̀. Kókó mẹ́ta ló wà lára okùn náà, ti oṣù yìí sì fi ìka méjì wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Tí mo bá rí igi kọfí tó pọ́n, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n pe ìyá mi jáde láàárín wọn.

Bá mi kí baálé rẹ. Fi ẹnu ko Mbazi lẹ́nu fún mi. Màmá ní kí n kí ọ, ó ní kí ọkọ rẹ má rò pé ọ̀lẹ ló ń mú ọ sùn.

Okùn náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti gé òmíràn tó bá a dọ́gba, èyí tí mo fi ránṣẹ́ ni ojúlówó. Fi yí ara rẹ ká, ta kókó tìrẹ sí i, mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wò, kí o sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ru nínú oyún. Lẹ́yìn náà, dá a padà sí mi. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí kò bá yí ọ ká tán, má tijú, so òmíràn mọ́ ọn. Láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ọwọ́ mi kò tíì kàn ọ́ mọ́. Bí o bá ti fi okùn yẹn yí ara rẹ ká, Nakiete, èmi ni mo dì mọ́ ọ yẹn.

Èmi ni, ẹni bẹ́ẹ̀dì keje tó ń wọ̀nà fún ọ,

Aikaruwa, ìyá Nasia.