Gègé Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi

Kútọnu, ní ẹ̀bá ọ̀sà, lápá Akpakpa.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ sì kú ìfaradà àwa ọmọ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìhín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eékún mi kò fẹ́ràn ìdọ̀bálẹ̀ mọ́. Mo kí àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí, mo kí àwọn ìyàwó ilé lágbà lọ́mọdé, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí Dáníẹ́lì àbúrò mi, katikíìsì ìjọ wa, tó bá ráyè gba ìkíni lẹ́yìn iṣẹ́ Olúwa.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ bá lẹ́tà yìí pàdé nínú ìwé ìròyìn, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ la gbé síta. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé e síta. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ni Dáníẹ́lì dìde láàárín ìjọ ní Ìlaró, tó ní ìyá òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà. Ó ní níwọ̀n bí lẹ́tà ti jẹ́ ìkíni, tí a kì í sì í fi òsì kí ènìyàn, ẹni tó bá fi òsì kọ lẹ́tà ti bú ẹni tó kọ ọ́ sí. Ó fi òwe tì í lẹ́yìn, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìjọ wa a máa ṣe àmín sí ohunkóhun tó bá ti lè mú wọn súnmọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá Ràfátù, tó ń kó aṣọ láti Kútọnu lọ sí Ìlaró, ló mú ìròyìn náà wá, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an sí mi, pé kí n dáhùn níbi tí gbogbo àwọn tó ṣe àmín yóò ti rí i kà. Iṣẹ́ ìyá ni mo ń jẹ́.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà á kò mọ̀. Ẹ ti di ìyá àgbà kí ẹ tó kọ́ ìwé, ní kíláàsì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ ju àwọn kan tó kọ́ ọ ní kékeré lọ. Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn dá yín dùbúlẹ̀. Nígbà tí ẹ dìde, ọwọ́ ọ̀tún yín kò bá yín dìde. Ẹ ń gbé e káàkiri bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, kò sì lè di nǹkan kan mú. Láti ìgbà náà ni Dáníẹ́lì ti ń bá yín kọ̀wé sí mi.

Mi ò ní purọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ohun tó ń fi í kọ ni ìṣòro. Mo gba lẹ́tà kan tó ní ìyá wa ń gbàdúrà kí n má ṣe gbàgbé ìbùkún tí ń bẹ nínú ibú omi. Mo kà á ní àkàtúnkà, mo rò pé ẹ ń kìlọ̀ fún mi kí n má wẹ̀ nínú òkun ni. Ìyá Ràfátù ló wá là mí lóye, pé ẹja gbígbẹ lẹ ń béèrè. Nígbà mìíràn ó kọ ọ́ pé ẹ wà nínú ìfàyàrán ìgbàgbọ́, ó sì kù sọ́wọ́ mi láti mọ̀ bóyá orúnkún ló ń dùn yín ni àbí ẹ̀yìn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi mú pẹ́ńsùlù, tí ẹ fi òsì kọ lẹ́tà sí mi fúnra yín. Ìyá Ràfátù fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìró rẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wá. Nígbà tí mo ṣí i, orúkọ mi ni mo rí kà lókè pátápátá. Ìyókù ti di kùrukùru. Ẹni tó ń fi òsì kọ̀wé ń ti ẹ̀gbẹ́ òsì lọ sí ọ̀tún bíi gbogbo wa, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gba orí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọjá. Ohun tí ọwọ́ yín fi sílẹ̀, ìró Ìyá Ràfátù pa á rẹ́. Mo gbé e sí oòrùn, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ojú ìwé méjì gbáko, mi ò rí ju orúkọ mi lọ. Kì í ṣe pé àṣírí kan wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìyẹ láti ẹnu yín ni, mo sì pàdánù rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Àlàáfíà ni. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ń dé nígbà tó bá wù ú, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà fún àwọn oníṣòwò wa tó wà níhìn-ín, Yorùbá sí ilé, Faransé sí ọ́fíìsì ìjọba. Faransé mi kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa àwọn ará ọ́fíìsì lára. Wọn kì í ka lẹ́tà, òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá lórí rẹ̀. Ojú ọjọ́ ibí ṣòro láti ṣàlàyé: ooru ń mú, síbẹ̀ ìwé ń rọ̀ nínú àpótí bí ẹ̀kọ àná, nítorí afẹ́fẹ́ òkun. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò mi, Gùn àti Fọ̀n, a máa jókòó síta. Wọ́n á kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, èmi náà á kí wọn, èdè wọn tí mo gbọ́ á sì tán síbẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, ìyà rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè sunkún. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú ìwé méjì kì í ṣe ohun kékeré níhìn-ín.

Mo wá lọ wá gègé. Gègé tó ń gbé íǹkì rẹ̀ sínú ni mò ń wí, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní sítílò. Gègé ilé ìwé tí à ń tì bọ inú ìgò ní gbogbo ìlà kò yẹ ẹni tó ń lo ọwọ́ kan. Kí ó tó kọ ìlà kẹta, íǹkì ti dé ara aṣọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí afárá irin tí àwọn ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí. Ọmọ Àgùdà ló ni ín, ọ̀kan nínú àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo bá kọ̀mí kan níbẹ̀, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Kétu, aṣọ funfun látòkè délẹ̀, gègé mẹ́ta láyà rẹ̀ bí ológun tó ti ogun dé. Ó gbọ́ ohun tí mo wá rà, ó sì gbà mí nímọ̀ràn láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní gègé ni ojú ènìyàn. Ó ní kí n mú èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ wúrà, òun ti ní irú rẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá, kò tíì bàjẹ́. Mo bi í bóyá ó ń fi í kọ̀wé lójoojúmọ́. Ó ní, rárá o, Bàbá, èyí kọ́ là ń fi kọ̀wé, èyí là ń fi buwọ́ lùwé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán wọn wò. Mo ti ọwọ́ ọ̀tún mi bọ abẹ́ agbádá, mo sì na òsì. Ọmọ Àgùdà wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kò lè fi nǹkan lé àgbàlagbà lọ́wọ́ òsì, kò sì lè sọ fún mi pé mo ṣi ọwọ́ nà. Ó gbé gègé náà sórí tábìlì jẹ́ẹ́, ó kọjú síta bí ẹni tó ń wo ojú òjò, kí n lè mú un fúnra mi. Kọ̀mí ni kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, Bàbá, òsì mà nìyẹn! Mo ní mo mọ̀ ọ́n, a ti jọ ń gbé tipẹ́. Ó ní ṣé kò sí àìsàn ṣá? Mo ní rárá, kíláàsì kìíní ni mo padà sí. Ó yíjú sí ọmọ Àgùdà, ó ní ẹ rí àwọn tíṣà, ìwé ti pọ̀ jù lórí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra gègé fún ẹlòmíràn, kí ó fi irú ọwọ́ ẹni náà dán an wò. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ojú rí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọwọ́ rí. Ẹnu wúrà yẹn rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń fa gègé lọ ni, ó sì ń ṣàn wọ́ọ́rọ́. Òsì ní tirẹ̀ ń tì í ni, ẹnu tó bá rọ̀ á là, á há sára ìwé, á sì tutọ́. Ó tutọ́ lóòótọ́, díẹ̀ sì bà sí apá aṣọ funfun kọ̀mí. Mo bẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ó lọ wá omi, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì dín kù láti ìgbà náà.

Òmíràn ní ẹnu tó gbòòrò. Ohun tí mo fi kọ kò tètè gbẹ, ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì di ọwọ́ aláró. Ìdérí rẹ̀ tún jẹ́ èyí tí à ń lọ́. Mo ní mi ò ní mú ọ̀tún jáde, mo fi eyín di ìdérí náà mú, mo ń fi òsì yí gègé bí ẹni tó ń lọ́ ọrùn adìyẹ. Ọmọ Àgùdà tún wo òjò. Èyí tó kéré jù lówó nínú gbogbo wọn kọ̀wé dáadáa, àfi pé ó ń sunkún. Bí ọwọ́ bá ti mú un gbóná, íǹkì á máa ti ọrùn rẹ̀ jáde.

Èyí tó tẹ̀lé e lówó ni mo wá dì mú pẹ́. Dúdú ni, kò ní ìlà wúrà kankan. Ara rẹ̀ sanra, ìka kò ní láti fún un pọ̀ kí ó tó dúró. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin líle, tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì kúnná, bí mo tilẹ̀ ń tì í kò gún ìwé. Àmì tí à ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ dúró ní àyè wọn, kò dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin. Fífà ni ìdérí rẹ̀: ẹ fi ìdérí há orúnkún, ẹ fa gègé yọ, ó parí. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ bọ íǹkì, ẹ fi àtàǹpàkò gbé irin náà sókè, ẹ dá a padà, ẹ dúró díẹ̀, ó ti mu yó. Ẹ gbé ìgò íǹkì sínú abọ́ iyanrìn kí ó má baà ṣubú.

Síbẹ̀ ojú mi ń padà sórí ẹnu wúrà. Ta ló ń fi ohun olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? Kí ni Ìlaró máa wí? Kọ̀mí, tó ti fi omi fọ apá aṣọ rẹ̀ dé, ní ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò ni mo dì mú yẹn. Mo ní ọmọ ilé ìwé ló fẹ́ lò ó. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì ló parí ẹjọ́ náà láìsí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí gègé ẹnu wúrà bá wọ ilé wa lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, àyà katikíìsì ni yóò wà, ó ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Èyí dúdú yìí, kò sí ẹni tí yóò bá yín tọ́jú rẹ̀. Mo sanwó, mo jáde.

Ẹ sọ fún Dáníẹ́lì, tí mo mọ̀ pé ó ń kà á láti ẹ̀yìn èjìká yín, pé òwe rẹ̀ dára. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ le tó sì fi òsì ṣe àfojúdi ni òwe náà ń bá wí. Nígbà tí ẹ ń wẹ̀ wá ní kékeré, ọ̀tún yín ló ń bu omi, òsì yín ló gbé orí wa dúró. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ń bú ènìyàn ni, èébú náà ti pẹ́ lórí katikíìsì.

Ìyá Ràfátù ló ń mú gègé náà bọ̀. Òfìfo ni mo fi rán an, kí ó má baà pọ íǹkì sára ọjà rẹ̀. Dáníẹ́lì yóò ra ìgò íǹkì kan fún yín ní Ìlaró, kí ó kà á mọ́ iṣẹ́ Olúwa. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ dá ìwé náà wọ́, kí orí rẹ̀ tẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ọwọ́ yín sì wà ní ìsàlẹ̀ ìlà, kí ó má gba orí ọ̀rọ̀ kọjá. Mo fi ìwé tó ń mu íǹkì sí i, ẹ máa fi tẹ ojú lẹ́tà kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po. Ẹ máa fi omi tútù fọ inú gègé nígbà tí íǹkì bá tán, ẹ má sì gbé e sí oòrùn.

Mi ò lè ṣèlérí pé yóò bá ọwọ́ yín mu. Mo fi òsì tèmi kọ orúkọ yín títí, ó rí bí ipa ẹsẹ̀ akàn. Tiyín lè rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn, mo ti ka ìwé àwọn ọmọ tó burú ju ti akàn lọ, mo sì ti ka lẹ́tà àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ kọ orúnkún. Bí íǹkì bá kán sórí ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti sinmi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á sì fi agbára sínú ọwọ́ tó ṣẹ́ kù. Ilé kò ní dàrú, ọ̀nà kò ní dí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ará àdúgbò àti ìjọ, ẹ fi àwọn tó ṣe àmín kún un. Bí lẹ́tà yín bá dé, ní ojú títì níwájú Ìyá Ràfátù àti ẹni gbogbo, ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Sámúẹ́lì.