Èmi ni mo fún un jẹ, màmá mi ni wọ́n lé jáde

Èmi ni mo fún ọmọ náà ní nǹkan tó fẹ́ pa á. Màmá mi kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Surulere, èmi ni mo máa ń lọ mú ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wálé láti lesson ní Sátidé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ oúnjẹ ìta rárá, ó ti kìlọ̀ fún mi títí. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kékeré kan wà ládùúgbò wa, obìnrin ará Thailand kan tó fẹ́ ọmọ Yorùbá ló ni ín, tábìlì mẹ́fà péré, fáànù kan tó ń ké, tó bá ti rí ẹ á ní ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, bí ẹni tí wọ́n bí sí Mushin... ibẹ̀ ni mo máa ń lọ tí ayé bá sú mi, torí ọbẹ̀ tó ń fi omi àgbọn àti ewé tíì sè. Ọmọ yìí ní òun náà fẹ́ dé ibẹ̀, mo mú un lọ. Mo ra adìẹ tí wọ́n fi kóró kajú dín. Ọmọ tí ò jẹ kajú rí, ṣe ló ń ṣà á jẹ, mo tún ṣa tèmi sí abọ́ ẹ̀. Mo ní kó má sọ fún Mummy ẹ̀ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nínú kẹ̀kẹ́ ló ti ń họ ọrùn, mo rò pé ooru ni. A délé, màmá mi ti wá kí wa láti Mushin pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ọmọ jẹ ṣíbí méjì mẹ́ta... ká tó mọ̀, ètè wú, ojú wú, kò lè mí dáadáa mọ́. A sáré gbé e lọ ọsibítù. Dókítà ní kí ló jẹ, gbogbo wọn ní mọ́ínmọ́ín. Mo wà níbẹ̀. Mo dákẹ́. Kí ló dé tí mo dákẹ́? Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò rí àlàyé míì ṣe.

Dókítà ní ara ọmọ kọ nǹkan tó jẹ ni, allergy, pé tó bá tún jẹ ẹ́ ó lè burú jù báyìí lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, ó ní ìyá ọkọ òun ló fi nǹkan sí oúnjẹ, torí òun ò bí ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á gbọ́. Ó ní kí màmá mi má tẹ ilé òun mọ́. Màmá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ bíbí inú ẹ̀, lójú mi báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí, á ní ṣé ọmọ ń jẹun, á wá bú sẹ́kún, á ní ìwọ náà rí mi, ṣé mo fi nǹkan kan sí i? Màá ní network ò dáa, màá pa fóònù.

Ẹ̀wà ni wọn ò jẹ́ kí ọmọ jẹ mọ́. Kajú ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò kajú kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọmọ ti ń nawọ́ sí i... mo já a gbà, mo lọ dà á sí gọ́tà, mo ní mo rí kòkòrò nínú ẹ̀. Wọ́n ń wò mí bíi wèrè. Ìgbà mélòó ni mo máa já a gbà? Tó bá wá jẹ ẹ́ ní school ńkọ́?

Èyí tó pa mí pátápátá, àná ni. Mò ń di irun fún un, ó rọra ní, "Àǹtí, ṣé kí n sọ fún Mummy pé a lọ síbẹ̀, kí Màmá Mushin lè padà wá?" Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ro ó débẹ̀. Èmi àgbà, mo ní rárá, mo ní ṣebí ó ti ṣèlérí fún mi. Ó ní ó dáa, ó sì dákẹ́, bí èmi náà ṣe dákẹ́ ní ọsibítù.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi, mi ò sì ní ibòmíì. Màmá mi fúnra ẹ̀ lè má dárí jì mí láéláé. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni àbí ẹ̀gbọ́n mi? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Màmá mi tún ti ń pè báyìí, fóònù ń dún lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí... ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí fún un?