Ohun tí Màmá Sọ fún Ọ Nípa Mi

Ilé Alájì Mouftaou,
Houinmè,
Pọ́tò-Nóvò.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, 2025.

Balkissou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọgọ́ta ọjọ́ tí o ti wọkọ̀ padà sí Parakou. Ṣé ara rẹ le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ kò ni ọ́ lára jù? Ara tiwa le, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti pe Màmá. A ṣe fídáù ogójì ọjọ́ wọn ní Jímọ̀ tó kọjá. Má bínú, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

O rántí ìgbà tí o wá ṣèwádìí ilé iṣẹ́ epo àtijọ́, tí Màmá ń ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ṣe sọ kòtò sìmẹ́ńtì ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, tí gbogbo àdúgbò fi ń rí epo se ọbẹ̀. Màmá ní èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà jù, o sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Irọ́ ni. O bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Màmá ní eré ni mo fi ń ṣe. Iṣẹ́ mi nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tẹ ẹyìn rí. Ó ń dùn wọ́n ni pé iṣẹ́ wọn kò ní àrólé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú ìwé rẹ dé. Wọ́n fẹ́ mọ ògiri yí ilé iṣẹ́ náà ká, kí ó di ibi ìrántí. Ọ̀gá wọn ní bí ẹni tí ìwé dárúkọ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn obìnrin mọ́kànlá tó kù lè dúró. Bí kò bá sí, kí wọ́n kó ìkòkò wọn jáde. Ó bèèrè pé, "Ta ni Asmaou?" Kí n tó lanu, Ìyá Kader, àgbà àwọn obìnrin náà, ti tì mí síwájú: "Òun nìyí! Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ló jogún!"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti há. Bí mo bá sọ òótọ́, oúnjẹ obìnrin mọ́kànlá bàjẹ́, mo sì sọ Màmá di òpùrọ́ nínú sàréè. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ mi á dípẹtà. Saïbou, aránṣọ tó fẹ́ gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sèmè, ti mú ẹlòmíràn. Láràárọ̀, inú kòtò ni mo wà. Lánàá Ìyá Kader pariwo pé, "Aránṣọ, tẹ̀ ẹ́! Ẹyìn ni, kì í ṣe ọmọ ọwọ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìsinsìnyí ni mo mọ ohun tí Màmá ń tẹ̀ kí n tó jẹun.

Ìyá Kader àti gbogbo wọn ní kí n kí ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Má yí orúkọ mi padà nínú ìwé náà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyìn bá wà lórí ọ̀pẹ, màá máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Èmi ni tìrẹ, ọmọ Màmá,
Asmaou.