Píìnì Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀bù Mi

Agbo Ilé Aláwọ,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
17 oṣù kìíní, 2022.

Karimat ọmọ mi,

Bíbí ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ni àwọn tó ṣe é pa iná ìdí rẹ̀ lókè òkun, láti ọjọ́ náà tèmi kò pe ènìyàn, kò sì gba ìpè. Bí o bá ti ń pè mí tí o kò bá mi, ohun tó fà á nìyẹn. Òun náà ló jẹ́ kí n mú bírò, ohun tí mi ò ṣe mọ́ láti ìgbà tí o ti jáde ilé-ìwé ní Ìlọrin.

Mo ti túfọ̀ kí n tó kí ọ, má bínú. Àṣàbí, ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ariwo Èkó ń jẹ́ kó sùn? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á le bí awọ tí wọ́n sá dáadáa, kò ní ya lójú ọjà. Àwa náà ń bẹ láyé. Orúnkún ń dun ìyá rẹ díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, akọ kan, abo kan. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà ní Bẹẹrẹ, wọn ò dí i, fífò là ń fò ó lọ kírun, èmi àti lèmọ́mù.

Bí ilé Bíbí ṣe tóbi tó, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà kan, ọ̀gá wo ló wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi tí kò so fóònù Bíbí mọ́ bẹ́líìtì? Àpò awọ tí wọ́n sì fi ń so ó, èmi ni mo ń rán an ní Ọjà'ba. Bàbá tèmi rán awọ tìrà títí ó fi kú, èmi rán ti Bíbí, mi ò rí i pé iṣẹ́ náà yí padà, nítorí ohun tí ènìyàn bá gbẹ́kẹ̀ lé ni aláwọ ń bá a dì. Ìbàdí àwọn ará Agodi ni mo fi rán ọ nílé ìwé.

Ìwọ náà lo kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ píìnì. O wálé fún ìsinmi, o fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mẹ́jọ ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pa pọ̀. O ní píìnì mi nìyẹn, kí n fún gbogbo ayé, pé ẹni tí kò bá ní in kò lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí Bíbí. Mo gbọ́ràn. Mo fún oníbàárà, mo fún lèmọ́mù, mo fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Wọ́n sì wá ra awọ, gbogbo wọn.

Nígbà tí o wá mú mi lọ sí báǹkì lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n tún fún mi ní píìnì. Mo kà á, mẹ́rin péré, kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe ilé Bíbí. Ilé tó bá ń rọ̀, orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kúrú. Wọ́n tún ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí fún wọn. Ẹni tí gbogbo ayé ń fi yangàn lánàá, wọ́n wá ń sọ orúkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni jalè.

Ishaq, ọmọkùnrin tó ń ta àpò rọ́bà fóònù ní iwájú mi, ló ka ìròyìn ikú náà sí mi létí. Ó ní Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kò tó nǹkan, Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ bá a wí. Ó ní Bíbí ni àgbà gbogbo fóònù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù yọ bọ́tìnì wọn kúrò tí wọ́n sọ ara wọn di dígí, Bíbí ní òun ò ní yọ tòun, ìgbà tí yóò fi wẹ̀yìn, wọ́n ti kọjá lọ. Mo bi í pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Fóònù tí kò ní bọ́tìnì, ẹnu tí kò ní eyín ni, ó lè rẹ́rìn-ín, kò lè jẹ eegun. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé Bẹyẹrúnkà máa wó. Páànù wa ti pọ́n kí wọ́n tó bí mi, òjò ò tíì rí ibi gbà wọlé.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ ra ọ̀dà pupa. Mo kọ píìnì mẹ́rin yẹn sábẹ́ mẹ́jọ tí ìwọ kọ, mo kọ ọ́ tóbi, kí ẹni tó bá dúró ní òkè Màpó lè rí i. Kí ayé mọ̀ pé àwa ò sẹ́ ẹbí wa lọ́jọ́ ìtìjú.

Àṣàbí, Ishaq fi oníbàárà sílẹ̀, ó sáré sọdá, ó na apá méjèèjì bo ilẹ̀kùn mi bí ẹni tí àgbò fẹ́ já mọ́ lọ́wọ́. Ó ní Bàbá, ẹ dákun, ẹ pa á rẹ́, ayé ti kà á. Mo ní kí wọ́n lè kà á ni mo ṣe kọ ọ́. Ìlara ni mo kà á sí. Ó fẹ́ kí orúkọ awọ parẹ́, kí Mógàjí, olórí agbo ilé wa, lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi fún rọ́bà. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ kíákíá, inú Bíbí ló wà, ó sì ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé okùn tó so àpò rọ́bà rẹ̀ kọ́ wá, ó fi bo ojú píìnì náà. Mo ní kó kó ọjà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́fọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta ẹnìkan ti sọ 3 di 8, mo tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń gbé àpótí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, tí ó ń fẹ̀yìn ti ibẹ̀ gan-an títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní orúnkún ló ń dun òun. Mi ò mọ̀ pé Àtọ́kẹ́ fẹ́ràn Bíbí tó bẹ́ẹ̀.

Mo sì lọ kí àwọn ará báǹkì ní Òkè-Àdó, mo mú obì lọ. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ń jẹ́ Hilda, ọmọ gidi ni. Mo ní ẹ kú àjálù. Ó ní àjálù wo, Bàbá. Mo ní ti píìnì yín ni. Kí ó lè dá mi mọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi fún un, ó fi ọwọ́ bo etí, ó ní Bàbá, ẹ má pè é. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ọ̀fọ̀ ṣì tutù lára rẹ̀. Ó ní òun á bá mi pa á dà. Mo ní mi ò ní pa orúkọ dà lọ́jọ́ ogbó. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn, àárín èmi àti ọmọ mi ni, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó wá bèèrè káàdì. Mo fi ìbàdí hàn án. Inú àpò Bíbí ni mo kó o sí pẹ̀lú òkú fóònù náà, awọ ewúrẹ́ ni, mo sì ti fi òwú oníìlọ́po méjì rán ẹnu rẹ̀ pa. Olè tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó gbé èmi náà. Hilda wò ó títí, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó wá ní kí n bi ọmọ mi léèrè bóyá píìnì fóònù àti píìnì báǹkì jọ jẹ́ ọ̀kan náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Mógàjí, mo ní ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ń lé. Mógàjí ní ẹnikẹ́ni ò lé mi. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ kọ píìnì sára ilẹ̀kùn ni kí a bi, ohun tí Karimat bá sọ ni kí èmi àti Ishaq tẹ̀ lé. Ó ní kí èsì rẹ dé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Mo gbà.

Fóònù onídígí tí o ní o fẹ́ rà fún mi nígbà Iléyá, má rà á. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awọ àti ọ̀dà, torí ẹrẹ̀ ti ba ìdí mẹ́rin náà jẹ́. Fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Bí o bá fi sí báǹkì, mo máa ní láti tú òwú ìbàdí mi, Hilda sì bẹ̀ mí pé kí n má tíì tú u.

Ọlọ́run á fi ọ́ ṣe ìbòrí fún wa, bí ìwọ náà ṣe ń dàgbà, ìwọ náà á rí ẹni bò ọ́.

Títí di àárọ̀ yìí, ọ̀dà pupa ṣì wà níbẹ̀, ìyá rẹ ṣì fẹ̀yìn tì í, Ishaq sì ti gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ti sọ fún gbogbo wọn pé ẹbí kan náà ni mẹ́jọ àti mẹ́rin. Ẹnu rẹ là ń dúró dè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì Aláwọ.