N Kò Ní Fọwọ́ Sí Ìwé Ismaheel

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Agbègbè Takie,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ràódàt, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun lórí ìdúró? O kú iṣẹ́ aṣọ rírán o, mo mọ̀ pé aṣọ iléèwé á ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ọ̀yọ́. Èmi náà wà, a dúpẹ́, àmọ́ inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní kí n jọ̀ọ́ fọwọ́ sí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ, Ismaheel máníjà wa, kọ, pé àìfarabalẹ̀ Kúbúrátù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fa ohun tó ṣe é. Ó dùn mí pé ìwọ lo bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ ẹnu mi kò lè pè é ní “wọ́n” lónìí.

O mọ̀ pé ọ̀rá omi là ń ṣe. Ẹ̀rọ á yọ́ rọ́bà, á tì í jáde lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ wú, rólà òkè á sì máa fà á lọ. Kò dà bíi rọ́bà tí ò ń fi sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, kì í padà sẹ́yìn. Bí o bá rọra fà á, á bá ọ lọ, á máa fẹ́lẹ́ kárí. Bí o bá fà á lójijì, tàbí tí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀, ibì kan á tín-ín-rín ju ibi tó kù lọ, gbogbo fífà náà á dà lé ibẹ̀, á sì já.

Bàbá Mashood tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í tan rólà láìdán rọ́bà wò. Wọ́n á fi igi kékeré kan mú rọ́bà yíyọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á rọra fà á sókè, wọ́n á máa ka Bísímílà. Bí fọ́nrán náà bá gba Bísímílà mẹ́ta láìjá, iṣẹ́ yá. Gbogbo wa la máa ń ṣe é, títí kan Ìbùkún tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi.

Lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, Ismaheel ní kí wọ́n da àlòkù ọ̀rá tí wọ́n ṣà ní títì mọ́ tuntun, wọn ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo fi igi dán an wò lójú rẹ̀. N kò tíì parí Bísímílà kan tó fi já. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé igi lẹ fẹ́ máa fi kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́ ni?” Ló bá tún fi kún eré rólà, kí ọ̀rá lè fẹ́lẹ́ sí i, kó sì pọ̀.

Kò pẹ́ tó fi já. Dípò kó pa ẹ̀rọ, ó ní kí Kúbúrátù fọwọ́ mú un padà sí rólà. Ó tún já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì wé mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Rọ́bà gbígbóná kì í ṣàn lọ bí omi, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ara. Èmi ni mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Títí di àná, ìka mẹ́ta kò ṣeé nà. Ó bi mí pé, “Marufat, ìwọ náà ṣáà rí i?” Mo sunkún, ẹkún ìbínú. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, wọ́n á lé e níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá a tọ́jú ọwọ́ náà mọ́.

Lọ́la, Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ máa pè wá jọ. Igi náà wà lọ́wọ́ mi, fọ́nrán tó já ti gan mọ́ ọn lórí. Màá gbé e kalẹ̀, màá sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi Àlùkùránì búra, kó sọ ibi tí mo ka Bísímílà dé kó tó já. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí, ó gbọ́ mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá. Tí o bá ṣì ń pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ lẹ́yìn èyí, aṣọ Kúbúrátù tí mo bá a gbé wá lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ. Yọ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, kí o sì mú apá ọ̀tún fẹ̀ sí i. Kò lè de bọ́tìnnì mọ́.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
                                        Marufat.