Pátákó Tí Mo Rí Lọ́wọ́ Shawna

Shawna ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù ìlú ńlá wọ egungun rẹ. Àwa náà wà níbí, adìyẹ ti ń yé, Ọ̀gbẹ́ni Estep aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, orókùn ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá.

Shawna, kí lo ṣe? Mo tan tẹlifíṣọ̀n lánàá, mo rí ọ lẹ́bàá títì nínú yìnyín, ìwọ àti ọ̀pọ̀ tíṣà, kálukú pẹ̀lú pátákó. Ní ayé tèmi, ọmọ tó bá ya pòkíì nìkan la máa ń gbé pátákó kọ́ lọ́rùn, tí a ó ní kó lọ dúró síta kí ojú lè tì í. Mo ní háà, ọ̀gá ilé-ìwé wọn mà rorò o! Mo bẹ ọkùnrin tó ń ka ìròyìn pé kó bá mi bẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ òjò ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Estep tó wà lọ́dọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní Tíṣà, bó ṣe máa ń pè mí, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ Shawna, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ni, torí owó oṣù. Owó oṣù kẹ̀! Ìyẹn gan-an ló wá bí mi nínú. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ láàárín òkè yìí, mi ò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Tí owó oṣù bá pẹ́, àwọn òbí a gbé ẹyin wá, wọn a gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ wá, mo sì ń dúpẹ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run la kà á sí. Ẹ̀yin wá sọ ọ́ di iṣẹ́ bí ẹni ń ta bàtà! Estep ní ṣé mo ti gbàgbé ni, pé nígbà tí bàbá rẹ àtàwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mò ń gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ bá wọn lójú ọ̀nà. Mo ní èédú kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ, kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó jókòó, àmọ́ kò dákẹ́.

Ó ku ohun kan. Ilé ti tutù. Ọmọkùnrin tó ń gbé epo tí a fi ń mú ilé gbóná wá ní òun ò lè gba ẹyin. Mo ní ṣé o ò mọ̀ mí ni, èmi tí mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà? Ó ní òun mọ̀ mí, mà, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó lòun ń gbà. Owó ìfẹ̀yìntì mi ò ká a lóṣù yìí, ilé ìdáná ni mò ń sùn, torí ibẹ̀ nìkan ló móoru. Jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan fi ránṣẹ́.

Mo ka lẹ́tà yìí sétí Estep dé ibí, kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí. Mo wá tún un kà fúnra mi, dé ibi ọ̀rọ̀ ẹyin àti owó epo.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun bàbá rẹ ló wà nínú ẹrù kékeré tó bá lẹ́tà yìí wá. Wọ̀ ọ́. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ rẹ lágbára. Má sì kúrò lẹ́bàá títì yẹn o, títí wọn ó fi dá yín lóhùn.

Ìyá rẹ,
Verna